Agbádá Tí Mo Kọ̀ Láti Yọ Ọrùn Sí

Yèyé Àbíbátù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn Láṣísì fún mi, nígbà tí n kò tíì mọ̀ pé èmi náà yóò fi abẹ́rẹ́ àti òwú jẹun. Láṣísì jẹ́ aránṣọ kan ní Ọ̀kà láyé àtijọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Lọ́jọ́ kan ó wọn ìyàwó tuntun kan fún kaba, ó sì jáde lọ síbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ta ayò, ó ní, "Ìbàdí ìyàwó Lágbájá ti kúrò ní ti tẹ́lẹ̀ o. Ẹ bá mi kí ọkọ rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ọkọ ti wà ní ìdálẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lé ọmọ ọlọ́mọ padà sílé baba rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n tó mọ̀ pé àìsàn ló mú inú rẹ̀ wú, kì í ṣe oyún. Láṣísì kó ẹ̀rọ rẹ̀ rù, ó gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Yèyé a sì fà mí létí díẹ̀, a ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, àbí kí n wá nǹkan mìíràn ṣe?", ẹ fara balẹ̀ kí n dá yín lóhùn. N kò ní sọ̀rọ̀ owó fún yín. Owó iṣẹ́ télọ̀ dà bí òjò: nígbà ọdún iléyá á rọ̀, lẹ́yìn ọdún á dá. Mo fi kọ́ ilé, àwọn ọmọ mi kò sùn lébi, ó tó mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí iṣẹ́ ṣe ń kọ́ ènìyàn.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ ni bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Àlàájì Bàdírù ní Ìkàrẹ́, nítòsí Ọjà Ọba. Ọkùnrin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀gá mi, irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ bí òwú. Kò nà mí rí, ṣùgbọ́n bí ó bá kàn wúkọ́ lásán, àwa ọmọ iṣẹ́ á ti dìde dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀, n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo ń gbálẹ̀, mo ń ṣa òwú, mo ń fẹ́ iná sí áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́ẹ̀dú. Nígbà tí ó yá, ó fún mi ní àkísà àti bọ́tìnnì, ó ní kí n máa gán an. Bí mo bá gán an tán, á fà á tu, á jù ú padà sí mi lórí itan. "Tún un gán. Bọ́tìnnì tí ọwọ́ ọ̀gá lè fà tu, ikùn oníbàárà á fà á tu ní gbangba."

Kí ó tó gé aṣọ, á ní "Bìsìmíláì", gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sì dákẹ́. Ó ní àlùmọ́gàjí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́, ọrùn ni ó ń ṣe kẹ́yìn, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan bá òun ṣe é. Yóò rán agbádá tán, apá, ẹ̀gbẹ́, àpò, gbogbo rẹ̀, á ká a sílẹ̀, á lọ kírun, kí ó tó padà wá yọ ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Kí a tó yọ ọrùn, ẹnikẹ́ni ló lè ni ín. Bí o bá ti yọ ọ́, o ti fi orí kan sí i." 

Ṣùgbọ́n òfin téèpù ni ó le jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ kan tí ó ta sí igun ṣọ́ọ̀bù ni ó ti ń wọn ènìyàn, etí ni ó sì ti ń sọ òǹkà fún ọmọ iṣẹ́. Ó ní, "Ohun tí téèpù bá rí, ìta kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ." Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ní ọjọ́ kan, a ń wọn Àlájà kan tí ń ta iṣu, ẹni tí ara rẹ̀ tó ara. Mo pe òǹkà ìdí rẹ̀ sókè bí ẹni ń pe ìrun. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Àlájà náà fa ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Ẹ tún un pè kí àwọn ará Ògbàgì náà gbọ́." Ọ̀gá mi kò bú mi. Ó kàn mú kẹ̀kẹ́ òwú kan, igi róbótó tí a ká òwú mọ́, ó ní, "Lanu." Kẹ̀kẹ́ òwú yìí ni mo gbé sẹ́nu títí di ìrun alásárì. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń kí mi pé, "Ṣùáíbù, o kú iṣẹ́ o," èmi ń mi orí bí alángbá. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu mi ti mọ ààlà rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ parí, tí mo gba fírídọ̀mù, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ọ̀kà, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Àkùngbá. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Orúnkún mi ń lọ sókè-sódò bí ẹni ń gun òkè Ọ̀kà láìkúrò lójú kan. Áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́ẹ̀dú wa nígbà náà, ọ̀dàlẹ̀ ni: o fẹ́ iná sí i díẹ̀, yóò tutọ́ eérú sí aṣọ funfun ẹni tí ń lọ yìgì. Nígbà tó yá, a so mọ́tọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, a kúrò ní ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, a tún di ẹlẹ́sẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ yunifásítì kún Àkùngbá. Wọn kì í ṣàlàyé aṣọ bí àwọn bàbá wọn. Wọ́n á kàn na fóònù sí mi lójú: "Daddy, this one." Mo ń wo àwòrán, mo ń bi wọ́n pé ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́, wọ́n á ní àwọn kò rí ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà dé, ó ń ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá tí ọ̀gá mi fi ojú rẹ̀ méjèèjì ṣe. N kò bínú sí i. Ẹni tí ó bá bá ayé jà, òun nìkan ni yóò ṣubú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Mùsílíù, tí ó jẹ́ pé bí mo bá gbàgbé gbogbo aṣọ tí mo rán, n kò ní gbàgbé tirẹ̀.

Mùsílíù jẹ́ ọmọ Ọ̀kà, ìyá rẹ̀, Àlájà Rìsìkátù, ń ta epo pupa lọ́jà wa. Èmi ni mo rán yúnífọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ńdìrì rẹ̀. Ọmọ tútù ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń ta sìmẹ́ńtì, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń gbé irin fún eré ìdárayá ní ọ̀nà Àkùngbá. Díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà kan, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n ń fi páǹpù fẹ́ ẹ. Aṣọ tí mo rán fún un ní ọdún iléyá, kò lè kó apá rẹ̀ sí i mọ́ nígbà tí ààwẹ̀ máa fi dé. Bí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, inú ilé á ṣókùnkùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Géètì.

"Géètì! Géètì Ọ̀kà! Ẹ ṣí, kí mọ́tò wọlé!" Báyìí ni àwọn ọlọ́kadà ń kí i.

Ìyá rẹ̀ ń jó. Nílẹ̀ wa, bí ẹnìkan bá wú, a ó ní ó ti rí jẹ ni. Àlájà Rìsìkátù á gbá a lẹ́yìn, á ní, "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n ní kò ní sanra! Ẹni tó bá ní ebi ń pa ilé wa, kó wá wo Mùsílíù."

Èmi tí téèpù wà lọ́wọ́ mi ń rí ohun mìíràn. Ẹ̀yìn ọmọ náà kún fún irorẹ́, irun iwájú orí rẹ̀ ń pá. Ọmọ tútù tí mo mọ̀ wá di onínúfùfù. Ó gbá kọ́ńdọ́kítọ̀ kan létí nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ kan tí mo ń wọn ìdí rẹ̀ fún ṣòkòtò, ó fò sókè.

"Yéè! Bàbá, ẹ rọra o!"

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Abẹ́rẹ́ ni. Ó kàn wú díẹ̀."

"Ibà ló mú ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ibà kẹ̀? Abẹ́rẹ́ iṣan ni. Ẹ wò mí dáadáa, Bàbá. Ṣé ẹ rò pé irin nìkan ló ń ṣe irú èyí?"

Ó wá sọ fún mi pé ẹnìkan níbi tí wọ́n ti ń gbé irin ni ó ń kó o wá, ìgò kékeré àti oògùn oníhóró, sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Nígbà mìíràn, abẹ́rẹ́ kan náà ni àwọn bíi mélòó kan á gbà.

Mo ní, "Mùsílíù, èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, n kì í yá ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ mi. Ṣé dókítà ló ní kí o gbà á?"

"Dókítà ò lè láya bí èmi, Bàbá."

Mo ká téèpù mi. Ẹni tí gbogbo ìlú ń yìn, ṣé yóò gbọ́ tẹnu télọ̀?

Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀, ó gbé aṣọ gínì funfun wá fún agbádá. Ọmọ Ògbàgì ni ìyàwó, Sàídátù lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni, ó ní ojú tútù, ó sì ní ẹnu. Mo mú Mùsílíù lọ sẹ́yìn aṣọ títa. Ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ nítorí àtẹ̀gùn díẹ̀ tó gùn wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé okùn bàtà kọ ilà sí i. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n bí omi ọsàn. Nígbà tí mo na téèpù yí àyà rẹ̀ ká, ohun tí ó yẹ kí ó le, ó rọ̀. Ọyàn ni, ẹ̀yin ọmọ mi, ọyàn bíi ti ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà.

Ó ti rí ojú mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi rán síńgílẹ́ẹ̀tì tó le koko, tí yóò fún un mọ́lẹ̀ lábẹ́ agbádá. Kí Sàídátù má rí i lọ́jọ́ náà."

"Lọ́jọ́ kejì ńkọ́?"

Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ bora. Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tí ó le jù: pé kóró ẹpọ̀n òun ti súnkì, pé ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní kí ó lọ rí dókítà lónìí. Ó ní lẹ́yìn ìgbéyàwó ni òun yóò jáwọ́. "Géètì ni wọ́n mọ̀ mí sí, Bàbá. Ṣé kí n wá dà bíi wíńdò lọ́jọ́ yìgì mi?"

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Àlàájì Bàdírù ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ní ohun tí téèpù bá rí, ìta kò gbọdọ̀ gbọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló ni ara?"

"Òun náà ni."

"Ṣé òun ni ìta?"

"Rárá, Ọ̀gá. Mo ti sọ fún un díẹ̀."

"Díẹ̀!" Ó wúkọ́, àfi bí ẹni pé mo tún di ọmọ iṣẹ́. "Ṣé díẹ̀ ni o fi ń gé agbádá ni? Má sọ fún ìyá rẹ̀, má sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé aṣọ rẹ ni ó fẹ́ fi bo ikú, aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ, kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀."

Inú ọkọ̀ tí mo fi ń padà bọ̀ ni mo ti mọ ohun tí n ó ṣe. Mo rán agbádá náà tán, iṣẹ́ àrà ni. Apá rẹ̀ pé, àpò rẹ̀ pé. Mo ká a sílẹ̀, n kò yọ ọrùn sí i. Nígbà tí Mùsílíù dé, mo ní, "Ọjọ́ tí o bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé ni n ó yọ ọ́." Ó bínú, ó fi ẹsẹ̀ ta àga, ó jáde. Ọkàn mi balẹ̀. Mo mọ̀ pé kò lè gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Téèpù télọ̀ mìíràn náà yóò dé àyà rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ni kò mọ ìyẹn. Ó kù ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n so yìgì, Àlájà Rìsìkátù já wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé wọn. "Bàbá Télọ̀, ẹ gbé aṣọ ọmọ mi fún mi." Mo gbé e fún un. Ó tú u, ó yí i sókè, ó yí i sódò.

"Ibo ni orí máa gbà jáde?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú lórí tábìlì.

"Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ bá mi wò ó o! Ṣé ojú ló ń dùn yín ni, Bàbá, àbí ẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́?" Àwọn èrò ti ń pé jọ. Ẹnìkan ní, "Bóyá ẹsẹ̀ ni Géètì máa kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́," ẹ̀rín sọ. Àlájà kò rẹ́rìn-ín. Ó na aṣọ funfun náà gbọọrọ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ yí padà. "Aṣọ funfun tí kò ní ọrùn. Ṣé òkú ni ẹ rán an fún ni? Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa á fún mi?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ó yí i sí èdè ìlú wa kí ó lè dùn ún bú. Ó ní ilara ni. Ó ní nítorí pé ọmọ tèmi kò sanra ni. Mo jókòó sórí àga mi, mo ń wo ilẹ̀. Bí mo bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò gbà mí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe tèmi.

N kò mọ̀ pé Mùsílíù wà ní ìta, lórí ọ̀kadà rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé, ó fi ọwọ́ kan ìyá rẹ̀ léjìká.

"Ìyá mi, ó tó. Ẹ má bú wọn mọ́. Ẹ bá mi wá sẹ́yìn aṣọ yìí."

"Kí n wá ṣe kí ni?"

"Ẹ ṣá wá."

Wọ́n wọlé. Gbogbo wa tẹ́tí. A gbọ́ ìró bọ́tìnnì tí ó ń tú. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn Àlájà, ó kéré, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun: "Mùsílíù." Ó tún ní, "Mùsílíù." Nígbà tí ó jáde, ó ti tú gèlè orí rẹ̀, ó fi gbá ìbàdí. Kò wo àwọn obìnrin náà. Ó ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá wa dé ọsibítù Ìkàrẹ́."

Dókítà tí ó gbà wá, obìnrin ni, ó ní sùúrù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì ṣàlàyé fún un lójú wa, nítorí Mùsílíù fúnra rẹ̀ ló ní kí a má jáde. Ó ní kóró ẹpọ̀n ni ó ń ṣe oje tí ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin. Nígbà tí Mùsílíù ń gba irú oje bẹ́ẹ̀ láti inú abẹ́rẹ́, kóró rí i pé ẹlòmíràn ti ń bá òun ṣiṣẹ́, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó sùn. Ara sì yí lára àpọ̀jù oje náà padà sí ti obìnrin, òun ló di ọyàn. Ó ní oògùn oníhóró náà ti ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ìdí nìyẹn tí ojú fi pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gan-an.

"Ọkàn rẹ náà, iṣan ni," dókítà wí. "Oògùn tó ń mú apá wú kò mọ apá yàtọ̀ sí ọkàn. Ọkàn rẹ ti nípọn. Ká ní o dúró di ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni, n kò mọ̀ bóyá ìwọ lo máa bá ìyàwó délé."

Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Dókítà tún kìlọ̀ fún wa pé bí ó bá ti jáwọ́, ara rẹ̀ yóò rọ̀, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ó má sì padà lọ gba abẹ́rẹ́ nítorí ìbànújẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Mo rí i tí Géètì ń sunkún nítorí pé apá rẹ̀ ń fọn.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Sàídátù. Àwọn ará ilé ìyàwó fẹ́ fárí gá, wọ́n ní a kì í yẹ ọjọ́ yìgì. Sàídátù ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ó wá sí ọsibítù, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní, "Èmi kò lè wọ aṣọ ìyàwó àti aṣọ opó lọ́dún kan náà. Ara rẹ ni kí o tọ́jú. Bí dókítà bá ní ó tó àkókò, ká so ó."

"Bí mo bá wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Èmi ò mọ̀ pé géètì ni mò ń fẹ́ o. Mo rò pé ènìyàn ni."

Ó pẹ́ kí dókítà tó gbà. Nígbà tí ó gbà, mo tún agbádá náà wọ̀n. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé gan-an, nítorí ènìyàn méjì ni ó tó tẹ́lẹ̀. Mo lọ kírun, mo dé, mo ní "Bìsìmíláì", mo yọ ọrùn rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó náà, Àlájà Rìsìkátù gbé odidi kẹ́ẹ̀gì epo kan wá sílé mi, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èmi náà gbé e wọlé. Gbogbo nǹkan kọ́ ló padà bọ̀ sípò. Ọyàn náà kò lọ tán, Mùsílíù sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́ títí di òní. Wọ́n dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí ọmọ, nígbà tí ọmọbìnrin sì dé, èmi ni mo rán aṣọ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ó kéré débi pé ọ̀pá aṣọ kan kò tán sí i. Mùsílíù ṣì ń ta sìmẹ́ńtì. Bí ó bá rí ọmọkùnrin kan tí ń wú kíákíá, á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á bá a sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ìtàn òun fún yín.

Ojú mi ni kò jẹ́ kí n rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ni mo fi ṣíwọ́. N kò kábàámọ̀. Mo ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi nírọ̀lẹ́, aṣọ tí mo rán ń kọjá lára àwọn ènìyàn, mo ń mọ̀ ọ́n láti ọ̀nà jíjìn, inú mi ń dùn. Ẹ̀rọ kò ṣòro kọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Gígé náà kò ṣòro tó bí ẹ ṣe rò. Ohun tí kò rọrùn ni jíjókòó lórí àga, kí wọ́n máa fi ohun tí o kò ṣe bú ọ lójú gbogbo ìlú, kí o sì di ẹnu rẹ mú títí ẹlòmíràn yóò fi rí ìgboyà tirẹ̀. Nítorí náà, ìwọ tí o fẹ́ yan iṣẹ́, èmi náà ní ìbéèrè kan fún ọ: ta ni o lè jókòó, kí wọ́n bú ọ nítorí rẹ̀?